Ta Ló Dúró Lẹ́nu Àgọ́ Rẹ?

Kíkà: Númérì 27:1–11

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé fẹ́mínísìtì ni yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa ń fajú ro bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yẹn. Wọ́n rò pé obìnrin tí kò fẹ́ gbọ́ ti ọkọ ni. Ní tèmi, ohun tí mo gbà kò ju pé Ọlọ́run ló dá ọkùnrin, òun náà ló dá obìnrin, kò sì fi ọ̀kan ṣe àjẹkù èkejì.

Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni àkọ́bí. Nílẹ̀ Yorùbá, yálà ìdí igi la fi pín ogún tàbí orí ò jorí, ọmọ obìnrin ní ìpín tirẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó lórí ilé bàbá mi, wọ́n ní kí n lọ máa wo ọbẹ̀ lórí iná. Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n pè wọlé. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àwọn ọmọ Selofehádì: Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa. Bàbá wọn kú láìní ọmọkùnrin. Wọn ò jókòó sílé sunkún. Wọ́n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, níwájú Mósè, àlùfáà àti gbogbo ìjọ, wọ́n béèrè ìpín wọn.

Ẹ wá wo Mósè. Kò jágbe mọ́ wọn. Kò ní kí wọ́n lọ máa wo ọbẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ wọn lọ síwájú Olúwa, Olúwa sì dá wọn láre. Ó tún sọ ọ́ di òfin fún Ísírẹ́lì.

Àmọ́ ọmọ mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán o. Ó ní, "Kí ló wá dé tó jẹ́ èmi nìkan ló ń fọ abọ́, tí bọ̀ọ̀dá á máa wo bọ́ọ̀lù?" Inú bí mi. Ó ku díẹ̀ kí n ní, "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Ni mo bá rántí ọbẹ̀ ọjọ́sí. Ẹnu mi wọhò.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ wa jẹ, kò ṣòro láti fi ara wa wé àwọn ọmọ Selofehádì. Èyí tó le ni ká ṣe bíi Mósè nígbà tí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ wa. Àwa obìnrin tá à ń ké pé wọ́n fi wá sẹ́yìn, báwo la ṣe ń ṣe sí ìyàwó ọmọ wa? Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Bí mo bá pe ara mi ní fẹ́mínísìtì, àwọn tó wà lábẹ́ mi ló yẹ kó jẹ́rìí sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọkùnrin mi fọ abọ́. Ó kùn, ó sì fọ́ àwo kan. Kò burú. Ibẹ̀ la ti ń kọ́ ọ.

Lónìí, ta ló dúró lẹ́nu àgọ́ rẹ, tó ń dúró de ìdáhùn?

Àdúrà: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n fi ìyà tí mo jẹ jẹ ọmọ ẹlòmíì. Fún mi ní etí tó ń gbọ́. Àmín.

Ọjọ́ á dára fún wa o.