Ta Ló Ni Ìdáríjì?

Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ ìdigunjalè tàbí ìfipábánilòpọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìhà méjì ló máa ń wà lórí ìwé ẹjọ́ náà: ìjọba ìpínlẹ̀ àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Orúkọ ẹni tí wọ́n ṣe léṣe kò sí níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni. Wọ́n á pè é, á rojọ́, lọ́yà olùjẹ́jọ́ á da ìbéèrè bò ó, á sì wọkọ̀ padà sílé. Bí adájọ́ bá ní kí olùjẹ́jọ́ lọ ṣẹ̀wọ̀n, ìjọba ló jàre. Ní ti ẹni tí egbò wà lára rẹ̀, owó ọkọ̀ tó ń ná lọ sí kóòtù ti lọ nìyẹn.

Òfin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìbéèrè ìgbàgbọ́ ló wà nídìí rẹ̀, ó sì ti pẹ́ láyé: bí ẹnì kan bá ṣe ẹlòmíì níbi, ta ló jẹ ní gbèsè? Ṣé Ọlọ́run ni, ṣé ìlú ni, àbí ẹni tó ń sunkún? Ìdáhùn tí èèyàn bá fún un ni yóò sọ ẹni tó láṣẹ láti dárí jini.

Ní ìlú bí Ayépé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdogbolú nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìbéèrè náà kì í dúró sínú ìwé. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn mọ ara wọn tìdílétìdílé. Ẹni tó ṣe ibi àti ẹni tó ṣe é sí lè jọ máa ná ọjà kan náà, kí wọ́n jọ máa jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, kí ìyá wọn sì jẹ́ ọmọ agbolé kan. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ọlọ́pàá, ó ti dé iwájú àwọn àgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rán ara wọn létí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Pásítọ̀ á ní kí wọ́n dárí jì í, àlùfáà á ní kí wọ́n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bàbá ọmọ lè gba owó ìbẹ̀bẹ̀. Ìyá á kìlọ̀ fún ọmọ kó má ṣe wí fún ẹnikẹ́ni mọ́, torí ta ni yóò fẹ́ ẹ bó bá dọ̀la?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí àwọn àgbà ń rò. Wọ́n mọ̀ pé ẹjọ́ kan lè pín ẹbí sí méjì fún ogún ọdún, àti pé bí ọkùnrin kan bá lọ sẹ́wọ̀n, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ nílé tí wọn ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ aáwọ̀, ti ààlà ilẹ̀ tàbí ìjà inú gáréèjì, ló sàn kí wọ́n parí rẹ̀ nílé ju kí wọ́n máa sún un síwá sẹ́yìn ní kóòtù lọ. Ṣùgbọ́n ìparí ìjà tó bá máa dúró, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni ẹni náà fẹ́? Kí ló nílò? Nínú ọ̀pọ̀ ìpàdé ẹbí, ìbéèrè méjèèjì yìí ni ẹnikẹ́ni kì í bi í.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Òṣùgbó, tí àwọn Yorùbá yòókù ń pè ní Ògbóni, wà lára àwọn tó ń dá ẹjọ́ tó wúwo jù nílẹ̀ náà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ilẹ̀ ń rí, Ilẹ̀ sì ń gbọ́. Bí ẹnì kan bá fi ìbínú ta ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹni méjì. Ó ti di ti gbogbo ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn, àfi kí wọ́n ṣe ètùtù. Ọgbọ́n ńlá ni. Ó sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹjọ́ òde òní kò rántí sọ, pé kò sí ẹni tí ìwà ipá ń bá ní òun nìkan. Ibi tí ó kù sí ni pé Ilẹ̀ ni ètùtù ń lọ bá, ọ̀dọ̀ àwọn onídàájọ́ sì ni owó ìtanràn ń gbà. Ẹran ètùtù kì í ra oògùn sí egbò.

Ẹni tó bá lọ wo Ìwé Ẹ́kísódù orí 21 yóò rí i pé òfin tó wà níbẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sínú. Bí èèyàn méjì bá jà, tí ọ̀kan fi òkúta tàbí ẹ̀ṣẹ́ lu èkejì títí tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹni tó lù ú gbọ́dọ̀ san owó ọjọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́, kó sì rí i pé ara rẹ̀ yá pátápátá. Ìwé Léfítíkù orí 6 ní kí ẹni tó fipá gba nǹkan dá a padà fún ẹni tó ni ín, kó fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e, kó tó di pé ó mú ẹran ẹbọ lọ sọ́dọ̀ àlùfáà. Nínú Mátíù orí 5, Jésù ní kí ẹni tó rántí pé arákùnrin òun ní nǹkan nínú sí òun fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó kọ́kọ́ lọ bá a parí rẹ̀. Àlùkùránì náà, nínú Súrà Al-Baqarah ẹsẹ 178, fi àforíjì sọ́wọ́ àwọn ẹbí ẹni tí wọ́n pa. Bí wọ́n bá sì ṣàforíjì, ẹni tí wọ́n forí jì gbọ́dọ̀ san ohun tó jẹ wọ́n bó ti tọ́. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ẹsẹ wọ̀nyí tó fún ọba, adájọ́ tàbí aṣíwájú ẹ̀sìn láṣẹ láti bá ẹni tó gbọgbẹ́ dárí jini. Nígbà tí pásítọ̀ bá dúró ní pálọ̀ onílé, tó ní òun ti bá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá dárí ji ẹni tó fipá bá a lòpọ̀, owó tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń ná.

Ìtàn ará Samáríà, nínú Lúùkù orí 10, ni wọ́n fi ń wàásù jù lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí ìwàásù sábà máa ń fò. Ìtàn náà kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọlọ́ṣà tó lu arìnrìn-àjò kan lójú ọ̀nà. Kò sọ bóyá ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, bóyá wọ́n ronú pìwà dà, tàbí bóyá ẹni tí wọ́n lù dárí jì wọ́n. Ohun tó kà lẹ́sẹẹsẹ ni ìtọ́jú: òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́, ọ̀já, gígùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ilé tó sùn mọ́jú, owó dínárì méjì fún onílé èrò, àti ìlérí pé bí owó náà kò bá tó, òun yóò san ìyókù nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Ará Samáríà mọ̀ pé ìtọ́jú kì í tán lọ́jọ́ kan, ó sì fi ètò sílẹ̀ fún ọ̀la.

Ọ̀la yìí ló máa ń ṣòro. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa èèyàn bí 40. Àwọn ará ìlú sáré lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, wọ́n ṣe ìsìnkú àpapọ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè sì bá wọn dárò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn ti kó ẹrù wọn lọ, ẹni tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ kọ́ bí èèyàn ṣe ń rìn, ọmọ tó rí ikú ìyá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà sílé ìwé.

Gúúsù Áfíríkà kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ kan lórí èyí. Lẹ́yìn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àjọ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ṣe alága fún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹjọ́ ní 1996. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe nítorí òṣèlú lè rí ìdáríjì ìjọba gbà, àwọn kan sì rí i gbà. Àjọ náà tún dábàá pé kí ìjọba máa san owó, fún ọdún mẹ́fà, fún àwọn tí wọ́n fìyà jẹ. Ọdún 2003 ni owó tó jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni, Rand 30,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti bẹ àwọn tí wọ́n fìyà jẹ pé kí wọ́n dárí jini ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò jẹ.

Òfin ti ń súnra kì, díẹ̀díẹ̀. New Zealand ló kọ́kọ́ ṣòfin, ní 1963, pé kí ìjọba fúnra rẹ̀ san owó fún ẹni tí ọ̀daràn bá ṣe léṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní 1964. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìkéde tirẹ̀ ní 1985. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sọ pé ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ìṣègùn, ti ọkàn, àti ìrànlọ́wọ́ lọ́yà, adájọ́ sì lè ní kí wọ́n san owó fún un. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2017. Ọdún 2017 yìí kan náà ni òfin mìíràn jáde pé kí gbogbo ilé-ìwòsàn tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láìbéèrè ìwé ọlọ́pàá tàbí owó lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Ó nídìí tí wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn agbébọn yìnbọn lu Bayo Ohu, oníròyìn The Guardian, nílé rẹ̀ ní Èkó. Ìròyìn ìgbà náà ni pé ìwé ọlọ́pàá ni ilé-ìwòsàn ń béèrè nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ó kú.

Òfin wà, àmọ́ ta ni yóò mú un dé Ayépé? Ìkẹjà ni Mirabel Centre wà, nínú ọgbà ilé-ìwòsàn LASUTH, níbi tí agbẹjọ́rò Itoro Eze-Anaba ti dá a sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2013. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà: ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ á rí dókítà àti olùgbaninímọ̀ràn lábẹ́ òrùlé kan, láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó wà ní Ayépé gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà dé ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ilé-ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù, kíákíá sì ni. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ìpàdé ẹbí tó bá gba ọjọ́ mẹ́rin ti gba oògùn náà lẹ́nu ọmọ.

Nípa ti àwọn ọmọdé, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNICEF ṣe ní 2014 fi hàn pé ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni ìwà ipá kan tàbí òmíràn ń bá kó tó pé ọdún 18, àti pé ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ. Nínú àwọn ọmọ tó sọ ọ́ síta, àwọn tó rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà kò pé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó yẹ kó dun ìlú jù nìyí: wọ́n sọ̀rọ̀, àgbàlagbà gbọ́, kò sì sí ohun tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀kọ́ tí yóò dènà èyí máa kan ohun tí Yorùbá fẹ́ràn jù, ìyẹn ọ̀wọ̀ àgbà. Wọ́n ń kọ́ ọmọ pé kó kúnlẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kó má jiyàn, kó ṣe ohun tí àgbà bá ní kó ṣe. Pàṣán ń bẹ fún ẹni tó bá kọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n retí pé bí àgbà kan bá pè é sí yàrá lọ́sàn-án gangan, kó mọ bí yóò ṣe kọ̀. Níbo ni yóò ti rí ẹnu kọ̀? Kò pọn dandan kí ìkúnlẹ̀ parẹ́. Ohun tó yẹ kó wọlé ni pé kí ọmọ mọ̀, láti ẹnu òbí àti olùkọ́ rẹ̀, pé kò sí àgbà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan ìhòòhò òun tàbí láti ní kí òun pa àṣírí mọ́ fún ìyá òun, àti pé bí òun bá kígbe lé àgbà bẹ́ẹ̀ lórí, ẹnikẹ́ni kò ní pe òun ní aláìmọ̀wọ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà ń retí ẹ̀kọ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ òkùnkùn kò sì tíì tán nílẹ̀ Ìjẹ̀bú títí dòní. Ọmọkùnrin tí wọ́n kọ́ pé ẹni tó lágbára ló ń lu ẹni tí kò ní, kí ló máa kọ́ lọ́hùn-ún tí kò tíì kọ́ nílé?

Ìjẹ̀bú kò ṣaláìní ètò. Àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí tí wọ́n ń pè ní regbérégbé, tó ń lọ jó níwájú Awùjalẹ̀ níbi Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó, wọ́n sì mọ orúkọ ẹni tí kò dá. Ìjọ ń ṣe ìkórè, mọ́sálásí ń pín sàká. Díẹ̀ nínú owó wọ̀nyí lè san ọkọ̀ lọ sí Ṣágámù lóru, kó gbé oúnjẹ wọ ilé tí wọ́n ti gbẹ̀mí bàbá. Àwọn obìnrin méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo ìlú fọkàn tán lè máa tẹ̀lé ẹni tí wọ́n ṣe léṣe dé àgọ́ ọlọ́pàá kó má baà dá nìkan dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ran ọmọ ọ̀daràn lọ́wọ́, ó dára, ọmọ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àpò rẹ̀ yàtọ̀, kí wọ́n má sì fi omijé àwọn ọmọ náà dí ẹni tó gbọgbẹ́ lẹ́nu.

Bí ẹni náà kò bá wá dárí jì ńkọ́? Àwọn pásítọ̀ kan á ka Mátíù orí 6 sí i létí, pé Baba kì í dárí ji ẹni tí kì í dárí jini. Ẹsẹ tó le ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tàn túmọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí Jésù ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ ló ni àṣẹ náà, òun àti Ọlọ́run ló sì mọ ìgbà tí agbára rẹ̀ yóò tó o. Kò sí nínú ẹsẹ náà pé kí àwọn alàgbà mẹ́fà wá fi halẹ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ kẹta, tàbí kí wọ́n lé e kúrò nídìí oúnjẹ Olúwa títí yóò fi sọ pé ó ti tán nínú òun. Kó máa bá wọn jẹun níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kí ìjọ ní kó dìde kúrò níbi tábìlì náà, kó lọ san ohun tó jẹ ná, ni ẹni tó ṣe é léṣe.