Ìhàlẹ̀ Ìyá, Ẹ̀rù Ọmọ

Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 6, tí kì í fẹ́ dirun. Bí ìyá rẹ̀ bá ti gbé àpótí sílẹ̀, tó mú òòyà, ẹkún dé nìyẹn. Ìyá a sì máa halẹ̀ mọ́ ọn pé: "Máa sunkún lọ. Gbogbo irun orí rẹ ni yóò re dànù, wàá pá lórí bíi bàbá àgbà." Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni lójú ìyá. Ọmọ gbà á gbọ́.

Nígbà tó yá, irun náà bẹ̀rẹ̀ sí í re lóòótọ́. Ìpàkọ́ ló ti kọ́kọ́ pá, ó rí roboto, ó ń dán. Ẹ̀gbẹ́ etí tẹ̀ lé e. Kò yún ọmọ, kò sì ní èépá. Aládùúgbò kan ní làpálàpá ni, ni wọ́n bá ń fi kẹrosíìnì pa á títí awọ orí fi bó. Ẹlòmíràn ní ayé ló mú irun ọmọ lọ, ni wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Etí ọmọ ni wọ́n ti ń sọ gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Wọ́n dé fìlà fún un lọ síléèwé. Ọmọ kan já a, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, orúkọ rẹ̀ sì di "Apárí". Láti ìgbà náà, inú rírun ló fi ń jí láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tí ìyá ń tún ibùsùn ṣe ló rí ọ̀rá kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Irun tó ń re ni ọmọ ń ṣà jọ síbẹ̀. Ó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ọmọ kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì mi, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ padà. Mi ò ní sunkún mọ́."

Ìgbà yẹn ni ìyá tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Dókítà ní alopecia areata ni: àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló kọjú ìjà sí gbòǹgbò irun. Kì í ràn. Ẹkún kọ́ ló fà á, òòyà kọ́, ọ̀tá kọ́. Bí ojú tó pá kò bá pọ̀, irun sábà máa ń hù padà fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan, bó tilẹ̀ lè tún re lọ́jọ́ iwájú. Làpálàpá orí ní tirẹ̀ sábà máa ń ní èépá, a máa ràn, oògùn mímu ló sì ń wò ó, kì í ṣe kẹrosíìnì.

Dókítà wá kọjú sí ọmọ: "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ." Ó fi àwòrán Ayanna Pressley hàn án, obìnrin aṣòfin Amẹ́ríkà tó ṣí orí rẹ̀ tó pá sílẹ̀ fáyé rí lọ́dún 2020. Ọmọ wò ó títí, ó ní: "Ṣé àwọn náà máa ń sunkún tí wọ́n bá ń dirun fún wọn ni?" Ìyá bú sẹ́kún.

Bàbá ọmọ náà tẹ̀ lé e lọ síléèwé, tíṣà sì ṣàlàyé fún kíláàsì. Wọ́n kọ́ ọmọ ní èsì kan ṣoṣo: "Irun mi ló re. Kì í ràn, kò sì dùn mí." Wọ́n ní kó máa dé fìlà lọ́jọ́ tó bá wù ú, kó ṣí i lọ́jọ́ tó bá wù ú. Irun ìpàkọ́ ti ń hù, ti ẹ̀gbẹ́ etí kò tíì hù, ṣùgbọ́n inú rírun òwúrọ̀ ti lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi àìsàn halẹ̀ mọ́ ọmọ. Bí irun ọmọ yín bá ń re, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì bi í ní ohun tó rò pé ó fà á. Ẹ̀bi tí kò jẹ ni ó lè máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún.