Iṣẹ́ tí Ó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Kò sí ohun tí ó rọrùn tó kí ènìyàn fi ọ̀dà tuntun kun ohun tí ó ti gbó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: níbi tí ojú olùbẹ̀wò kò dé, tí kò sí ọ̀gá tí yóò yẹ iṣẹ́ wò, ta ni a jẹ ní gbèsè iṣẹ́ rere? Ọkọ̀ apẹja ògbólógbòó lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí ìdáhùn.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ra ọkọ̀ apẹja àtijọ́ tí a fi fáíbà ṣe, tí wọn a sì gbé e sí ẹ̀yìnkùlé wọn láti tún un ṣe. Fáíbà yìí kì í ṣe igi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irin. Fọ́nrán dígí tí a hun bí aṣọ ni, tí a fi oje kan tí à ń pè ní rẹsíìnì rin títí ó fi le koko. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹrà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pákó ni ó wà nínú ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rọ̀ mọ́, pákó náà ni ó sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí apẹja ń tẹ̀. Fáíbà kàn bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni. Àwọn baba wa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ihò ìṣó kan ṣoṣo tí a kò dí dáradára tó fún omi láti wọlé. Omi náà kò ní rí ibi jáde. Yóò máa jẹ pákó náà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì ń dán lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú ọ̀dà. Òòlù kékeré ni yóò mú, yóò máa fi kan ara ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, yóò sì máa fetí sílẹ̀. Ibi tí ó le yóò dún kó-kó. Ibi tí ó ti jẹrà yóò dún gbò-gbò. Nígbà náà ni yóò gé fáíbà náà, yóò kó gbogbo pákó jíjẹrà jáde, yóò sì fi èyí tí ó gbẹ dáradára rọ́pò rẹ̀. Kí ó tó bò ó, yóò ha etí ibi tí ó gé títí yóò fi rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀: bí fáíbà náà bá nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, àwọn oníṣẹ́ a máa ha á tó sẹ̀ǹtímítà 6, kí tuntun lè di ògbólógbòó mú. Nínú ìwọ̀n 100 rẹsíìnì tí a sábà ń lò, ìwọ̀n 1 tàbí 2 oògùn tí ń mú un le ni a ń pò mọ́ ọn. Bí ó bá kéré jù, kò ní dì. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò gbóná, yóò sì le kí a tó lò ó tán. Eruku fáíbà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ìbòmú kò gbọdọ̀ wọ́n lójú oníṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Nígbà tí a bá sì kùn ún tán, kò sí ojú kan tí yóò rí i.

Ẹnìkan lè wí pé, ‘Ọkọ̀ mi ni, ẹ̀yìnkùlé mi ni, owó mi ni. Bí mo bá fi ọ̀dà bo àléébù rẹ̀, ta ni mo ṣẹ̀?’ Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọkọ̀ kì í dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ẹni yóò jókòó nínú rẹ̀; ọ̀rẹ́ yóò bá ni pẹja nínú rẹ̀; lọ́jọ́ kan a ó tà á fún ẹni tí kò mọ̀ ju ọ̀dà tí ó rí lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá já kúrò ní ìdí ọkọ̀ láàárín agbami, omi kò ní bèèrè ẹni tí ó ni ẹ̀yìnkùlé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó yẹ kí a tún ṣe. Ọkọ̀ mìíràn wà tí àtúnṣe rẹ̀ yóò gba owó ju èyí tí a lè fi ra òmíràn lọ. Kí ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kí ó sì fi í sílẹ̀, kì í ṣe ìtìjú. Ìtìjú ni kí a mọ̀ pé ó ti jẹrà, kí a sì sọ pé ó yè.

Ní ọdún 1961, ìwé ìròyìn Life ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán Dick Fisher jáde, ẹni tí ó dá ọkọ̀ Boston Whaler sílẹ̀. Ó jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ lórí omi, a fi ayùn rẹ́ ọkọ̀ náà sí méjì, kò sì rì, nítorí fóòmù ni ó kún inú rẹ̀. Òwò ni ó ń polówó, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣe inú iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ṣe òde rẹ̀ kì í bẹ̀rù ayùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ kò ní yẹ̀ wò, igun yàrá tí àlejò kò ní dé, owó tí ẹgbẹ́ fi sí yín lọ́wọ́ láìbèèrè ìṣirò: gbogbo wọn ni pákó abẹ́ fáíbà. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè iṣẹ́ rere ni ẹni tí yóò fi ara rẹ̀ lé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ iwájú, yálà ó rí wa nígbà tí a ń ṣe é tàbí kò rí wa. Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú òòlù kékeré, kí ó fetí sí ìró iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó tó na ọwọ́ sí ọ̀dà.