Felix Mélòó La Mọ̀?

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 24:22-27.

Ní Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ níbí, bí èèyàn bá pe "Felix!" nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì dáhùn. Orúkọ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni olóríire. Àwa Yorùbá sì máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ. Ṣé lóòótọ́ ni?

Felix inú Bíbélì, gómìnà Jùdíà, ti ṣẹrú rí kí ìdílé ọba Róòmù tó dá a sílẹ̀. Ó yẹ kó mọ bó ṣe ń rí kéèyàn má lómìnira. Síbẹ̀, ọdún 2 ló fi ti Pọ́ọ̀lù mọ́lé. Kì í ṣe pé ó rí ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ o. Owó ló ń retí. Kò nà án, kò febi pa á. Kódà ó gba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láyè láti máa tọ́jú rẹ̀. Ó máa ń ránṣẹ́ pè é, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé orí ọ̀rọ̀ ìdájọ́, ẹ̀rù bà á, ló bá ní kó ṣì máa lọ ná. "Ṣì máa lọ ná" yẹn ni mo kà sí ìkà jù nínú ìtàn náà, torí kò jọ ìkà rárá.

Felix mìíràn jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Thibiuca, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí. Ní ọdún 303, Diocletian ọba Róòmù pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun ìwé mímọ́ àwọn Kristẹni. Wọ́n ní kí Felix kó tirẹ̀ wá. Kò purọ́ pé òun ò ní. Ó ní ìwé wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n òun ò ní kó o sílẹ̀. Wọ́n pa á.

Nítòsí wa, Félix Houphouët-Boigny ti Ivory Coast ló gbé òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lọ sílé aṣòfin ní 1946. (Ó wá jẹ ààrẹ láti 1960 títí ó fi kú ní 1993, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn jẹ́. Ìgbà tí nǹkan ẹlòmíràn bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n pínyà. Ó sì ń bọ́ sí àwa náà lọ́wọ́: fáìlì pẹ́ńṣọ̀n bàbá kan, sátífíkéètì ọmọ kan. Bí irú rẹ̀ bá ti wà lórí tábìlì yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó láàárọ̀ yìí.