Ta Ni Yóò Jíhìn Ọ̀rọ̀ Orin?

Ọmọ kéwú wa kan tó ti dàgbà, tó ti láya, tó ti bímọ, wá bá wa lẹ́yìn ìrun Alásárì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ọ̀rọ̀ wákà fún olórin obìnrin kan. Òun ni í jókòó ti bébà, olórin ni gbogbo ayé ń rí. Ọlọ́lá kan ló fẹ́ ṣe wòlíímà ọmọ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olóòótọ́ àti aláàánú nínú orin. Ọmọ wa mọ̀ pé ọkùnrin yìí jẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó fẹ́ san tó owó ilé ọdún kan. Ó ní: “Àfáà, èmi kọ́ ni mo máa dúró níwájú èrò. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ṣé ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò jíhìn ni, àbí ẹni tó fi ẹnu kọ ọ́?”

Kọ ni Yorùbá ń pe méjèèjì. A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọkàn wa lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti pín iṣẹ́ orin kan ṣoṣo sọ́nà mẹ́rin, tí ó fi ṣòro láti mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ tó wa lọ́jọ́ orí kò ní gbàgbé sinimá Íńdíà. Òṣèré á máa ya ẹnu, á máa jó yí igi ká, ṣùgbọ́n ohùn ẹlòmíràn là ń gbọ́, ẹni tó ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ṣáájú. Ẹni kẹta ló ṣètò ohùn àti ìlù. Ẹni kẹrin ni akéwì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn orin ló máa ń ṣáájú, akéwì á wá wá ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́, bí ẹni tí wọ́n gbé bàtà lé lọ́wọ́ pé kó lọ wá ẹsẹ̀ tó bá a mu. Àwa ọmọdé mọ òṣèré. Àwọn àgbà mọ orúkọ Lata Mangeshkar àti Mohammed Rafi tí wọ́n fi ohùn gbé e. Akéwì ni ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, èdè Urdu ni wọ́n sì fi ń kéwì. Urdu kún fún ọ̀rọ̀ Lárúbáwá. Ọmọ kéwú tó bá gbọ́ “waqt” nínú orin wọn yóò mọ̀ pé ìbátan wákàtí tiwa ni. Majrooh Sultanpuri, tí wọ́n bí ní 1919, ilé kéwú gan-an ló ti jáde. Ó kọ́ Lárúbáwá àti èdè Páṣíà, ó kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Lucknow, kó tó bọ́ sí ìdí sinimá ní Bombay, tí wọ́n ń pè ní Mumbai lónìí. Fíìmù Shahjehan ti 1946 ló fi bẹ̀rẹ̀. A lè fojú inú wo ojú tí àwọn àfáà rẹ̀ yóò fi wò ó!

Lẹ́yìn tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947, Majrooh kéwì bú Nehru, olórí ìjọba. Wọ́n ní kó tọrọ àforíjì. Ó kọ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n nǹkan bí ọdún méjì. Ọkùnrin tí kò gbà kí wọ́n gba ewì kan lẹ́nu rẹ̀ yìí kan náà ló fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin orí fíìmù láti fi dẹnu kọ ọmọge, owó ni wọ́n sì ń san fún un. Ní 1993, òun ni akéwì sinimá àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Dadasaheb Phalke, tó ga jù nínú iṣẹ́ sinimá wọn. Ahọ́n méjì ló ní ni? A rò pé rárá. Ẹni tó ń pàlọ́, tó ní Ìjàpá sọ pé òun kò jalè, kò purọ́. Ìjàpá ló purọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni fíìmù Baiju Bawra ti 1952. Olórin ayé Ọba Akbar ni ìtàn náà dá lé, ó sì kọ orin ìsìn kan níbẹ̀ sí ọlọ́run àwọn Híńdù. Shakeel Badayuni ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Naushad ló ṣe ohùn rẹ̀, Mohammed Rafi ló gbé e. Mùsùlùmí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn Híńdù tẹ́wọ́ gba orin náà gan-an. Ẹlòmíràn nínú wa yóò sọ pé wọ́n ti ṣìnà, ẹlòmíràn á ní àlọ́ ni, Baiju ló ń sọ̀rọ̀. Ní tiwa, a mọ̀ pé Shakeel kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n àlọ́ Ìjàpá kì í kúrò lẹ́nu Ìjàpá, orin a máa jáde kúrò nínú fíìmù. Rédíò á gbé e, ènìyàn á máa kọ ọ́ nídìí iṣẹ́, Baiju á sì wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n fi í sí. Lọ́jọ́ náà, ta ló ń sọ̀rọ̀?

Sahir Ludhianvi ló la ojú wa sí i. Abdul Hayee ni orúkọ àbísọ rẹ̀, 1921 ni wọ́n bí i, 1980 ló kú. Ó jà pé kí rédíò ìjọba Íńdíà máa dárúkọ akéwì pẹ̀lú orin. Wọ́n tún ní a máa béèrè rúpì kan ju iye tí wọ́n bá san fún Lata lọ. Ìgbéraga ni a kọ́kọ́ pè é, a kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo fíìmù Pyaasa ti 1957, ìtàn akéwì tí ayé ń yìn nígbà tí wọ́n rò pé ó ti kú, tí wọ́n sì sẹ́ ẹ nígbà tó dé. Nínú rẹ̀, Sahir bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ wí nítorí àwọn obìnrin ilé aṣẹ́wó, ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn òmìnira. Ewì tó ti kọ lórúkọ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún ṣe fún fíìmù náà. Ẹnu òṣèré àti ẹnu Sahir di ọ̀kan. Ẹni tó ní kí wọ́n máa dárúkọ òun ti sọ ibi tí wọn yóò ti wá òun bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.

Ti owó rọrùn ju èyí lọ. Ní 1977, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà dá a pé ẹni tó náwó fíìmù ló ni orin inú rẹ̀. Ní 2012 ni wọ́n tún òfin ṣe, Javed Akhtar tí òun náà jẹ́ akéwì sì jà fún un nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí akéwì àti aṣohùn lè máa rí ìpín wọn gbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí owó bá ra orin tán pátápátá, ṣé ó ra ìṣírò rẹ̀ náà ni? Sùúrà kan wà nínú Alùkùránì tó ń jẹ́ orúkọ àwọn akéwì. Ó bá àwọn tí ń sọ ohun tí wọn kì í ṣe wí, ó sì yọ àwọn onígbàgbọ́ tí ń ṣe rere sílẹ̀. A wò ó títí, kò yọ ẹni tí wọ́n ti sanwó fún.

Nígbà tí ọmọ wa padà wá, a ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ bébà náà, kí olórin sì kéde rẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ orin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó káwé náà, ó lọ. Lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀ ló gbé e padà wá. Ìyìn ọmọ tó parí Alùkùránì ṣì pé síbẹ̀. Ti bàbá ti ku orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá tó bí i. Orúkọ ọmọ wa wà nísàlẹ̀. Ọlọ́lá náà san ìdajì. Owó ilé kò pé, a yá a díẹ̀ kún un.