Ẹni tí Àyànmọ́ Kò Yàn: Ìbéèrè lórí Ìfẹ́ tí Kò Ṣeé Kọ̀ nínú Ìtàn Àròsọ Abàmì

Ní ọdún 1999, Christine Feehan, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìtàn àròsọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Dark Prince. Àwọn abàmì ẹ̀dá kan wà nínú ìtàn náà tí wọ́n ń gbé ní àwọn òkè Carpathia. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ wọn, ẹ̀mí wọn sì ń gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Bí ọkùnrin inú wọn bá ti pẹ́ láyé, ojú rẹ̀ kì í rí àwọ̀ mọ́. Ewé, òdòdó, aṣọ, gbogbo rẹ̀ a rí bí eérú. Ọkàn rẹ̀ náà a gbẹ: kò ní lè yọ̀, kò ní lè bínú. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó lè gbà á, ẹni tí a ti yàn mọ́ ọn kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá rí obìnrin yìí, yálà kí ó jáde sínú oòrùn kí ó kú, tàbí kí ó di ẹni ibi pátápátá. Bí ó bá rí i, àwọ̀ yóò padà sójú rẹ̀, ìmọ̀lára yóò padà sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdè kan sì wà tí ọkùnrin náà yóò sọ. Bí ó bá ti sọ ọ́ tán, ìpínyà kò sí mọ́, ìbáà ṣe pé obìnrin náà fọwọ́ sí i tàbí kò fọwọ́ sí i.

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn ni ó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí, nítorí pé Feehan nìkan kọ́ ni ó ń kọ irú ìtàn yìí. Nalini Singh, tí a bí ní Fiji tí ó sì dàgbà ní New Zealand, mú sáyẹ́ǹsì wọ̀ ọ́ nínú Slave to Sensation (2006), níbi tí àwọn ènìyàn tí ń di àmọ̀tẹ́kùn ti bá ẹ̀yà mìíràn pàdé, ẹ̀yà tí ó ti fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ líle pa ìmọ̀lára ọkàn ara rẹ̀. Ní ọdún 2015 ni Ruby Dixon kọ Ice Planet Barbarians. Àwọn obìnrin ayé yìí ni wọ́n bá ara wọn nínú yìnyín ní ayé mìíràn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pani. Wọn kò lè yè àfi bí wọ́n bá gba ẹ̀dá kékeré kan sínú àyà. Ẹ̀dá inú àyà náà ni ó sì ń yan ọkọ. Bí ó bá kan ọkùnrin tí ó bá a mu, a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ológbò, kò sì ní dákẹ́.

Lójú ọ̀pọ̀ lámèyítọ́, ìwé tí a ń kà pamọ́ ni wọ̀nyí, kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé fi ọwọ́ kàn án. Àṣìṣe ni. Ìbéèrè àtijọ́ kan ni wọ́n gbé wọ aṣọ tuntun: bí ènìyàn kò bá lè ṣe kí ó má fẹ́ ẹnìkan, ṣé ìfẹ́ ni orúkọ tí ó yẹ ohun tí ó ń ṣe? Bí ìdè náà bá sì dùn mọ́ àwọn méjì tí ó so pọ̀, ta ni ó ń san owó rẹ̀?

Olùkọ́ èdè tí ó bá fẹ́ fún ẹnìkejì inú ìtàn wọ̀nyí ní orúkọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ kọsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: ọ̀kan fún ohun tí a ti pinnu ṣáájú, èkejì fún ẹnìkejì, irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún akọ àti abo ẹyẹ inú ìtẹ́ kan náà. Yorùbá ní kádàrá, tí ó bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù wọlé láti inú èdè Lárúbáwá. Ó ní ìpín. Ó ní àyànmọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ní àkúnlẹ̀yàn, ohun tí ènìyàn fi orí ìkúnlẹ̀ yàn kí ó tó wá sáyé, àti àkúnlẹ̀gbà, ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ níbi ìkúnlẹ̀ kan náà. Bọ́lájí Ìdòwú sọ̀rọ̀ lórí wọn nínú ìwé rẹ̀ nípa Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, àwọn onímọ̀ sì ti jiyàn púpọ̀ lórí ìyàtọ̀ àárín wọn. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé ẹnìkan kúnlẹ̀. Ó gbàgbé ohun tí ó yàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó yàn án. Nínú àwọn ìtàn àròsọ wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó kúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó yàn, tàbí òórùn ara, tàbí ẹ̀dá kékeré inú àyà. Nítorí náà ni “ọkọ àyànmọ́” ṣe dùn létí tí kò sì kún ojú òṣùwọ̀n: ó ń mú ni rántí ìkúnlẹ̀ níbi tí ìkúnlẹ̀ kò ti wáyé.

Kí wá ni àwọn òǹkàwé ń rí níbẹ̀? Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu àwọn ẹlẹ́gàn ni pé obìnrin tí ń ka irú ìwé yìí fẹ́ kí ẹlòmíràn máa ronú fún òun. Ìdáhùn náà kò jinlẹ̀. Ní 1984, Janice Radway tẹ Reading the Romance jáde lẹ́yìn tí ó ti fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin tí ń ka ìtàn ìfẹ́ lẹ́nu wò ní ìlú kan láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àkókò ìwé kíkà ni àkókò tiwọn, ìgbà tí ọkọ àti ọmọ kò ní béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí ń tọ́jú gbogbo ilé ni wọ́n ń ka ìtàn ẹni tí a tọ́jú. Àwọn ìwé tí Radway gbé yẹ̀wò kì í ṣe ti abàmì ẹ̀dá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti abàmì ẹ̀dá mu jù. Nínú ìtàn ìfẹ́ lásán, ọkùnrin lè yí padà. Ojú rẹ̀ lè ṣí sí ẹlòmíràn. Ọkùnrin inú ìwé Feehan kò lè lọ, nítorí pé níbi tí obìnrin yìí kò bá sí, kò sí àwọ̀. Kì í ṣe òmìnira ni òǹkàwé fẹ́ sọ nù bí kò ṣe ẹ̀rù, ẹ̀rù pé a lè fi òun sílẹ̀ lẹ́yìn tí òun ti fi ara àti ọdún òun sílẹ̀ fún ẹnìkan. Ẹni tí ó bá ti rí bí ìyá rẹ̀ ṣe gbé ilé ọkọ kò ní fi ẹ̀rù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ láyé: nínú Symposium tí Plato kọ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, Aristophanes ni a fi ìtàn sí lẹ́nu pé ènìyàn ti ní ojú méjì, apá mẹ́rin àti ẹsẹ̀ mẹ́rin rí, kí Zeus tó là á sí méjì, àti pé láti ìgbà náà ni ààbọ̀ ti ń wá ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdánilójú kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ibi tí iye owó rẹ̀ ti hàn jù ni inú ìwé mẹ́rin tí Stephenie Meyer bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Twilight ní 2005 tí ó sì parí pẹ̀lú Breaking Dawn ní 2008. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń di ìkookò. Ọmọ ẹ̀yà Quileute ni Meyer pè wọ́n, ẹ̀yà tí ó wà lóòótọ́ ní La Push, ní ìpínlẹ̀ Washington. Ìkookò wà nínú ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn Quileute, ṣùgbọ́n òfin ìfẹ́ tí Meyer gbé kà wọ́n lórí kì í ṣe tiwọn, òun ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Òfin náà ni pé bí ọmọkùnrin ìkookò bá fi ojú kan obìnrin tí ó jẹ́ tirẹ̀, ohun kan á tẹ̀ mọ́ ọn lọ́kàn bí òǹtẹ̀ lára bébà. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ohun mìíràn láyé tí ó tún ń fà á.

Sam Uley ni ó kọ́kọ́ di ìkookò nínú wọn. Ó ní àfẹ́sọ́nà, Leah Clearwater, tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Emily, ìbátan Leah tí ó dà bí ọmọ ìyá fún un, wá kí i. Sam rí Emily, òǹtẹ̀ sì bà lé e. Emily bínú, ó kọ̀ ọ́ nítorí Leah. Nínú ìrunú, Sam di ìkookò lójú ẹsẹ̀, èékánná rẹ̀ sì fa ojú Emily ya. Àpá náà kò kúrò. Lẹ́yìn èyí ni Emily gbà á. Nígbà tí ó yá, Leah náà di ìkookò, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, àwọn ìkookò sì máa ń gbọ́ èrò ọkàn ara wọn. Nítorí náà, ó di dandan fún un láti máa gbọ́ ìfẹ́ tí Sam ń fẹ́ Emily, láti inú ọkàn Sam fúnra rẹ̀, ní ọ̀sán àti ní òru. Wọ́n sì tún ní kí ó wá ṣe ọ̀kan nínú ọmọ ìyàwó níbi ìgbéyàwó náà.

Ṣé Sam jẹ̀bi? Ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má béèrè. Kò yàn án, nítorí náà kò sí ẹ̀bi. Leah ni àwọn yòókù ń pè ní oníkanra. Ìrònú yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó ṣèèṣì tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ìkà, síbẹ̀ ó ní láti sọ̀kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ náà, kí ó sì sọ pé pẹ̀lẹ́. Sam sọ pé pẹ̀lẹ́. Kò lè sọ̀kalẹ̀. Gbèsè tí kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni Leah ń gbé kiri, ó sì wúwo ju èyí tí a lè dárúkọ ajigbèsè rẹ̀ lọ.

Ó tún kù. Quil, ọ̀kan nínú àwọn ìkookò náà, gba òǹtẹ̀ lórí Claire, ọmọ ọdún méjì. Jacob gbà á lórí ìkókó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Meyer ṣàlàyé pé ẹ̀gbọ́n ni wọn yóò jẹ́ fún ọmọ náà ná, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́, kí ó tó di ohun mìíràn nígbà tí ọmọ bá dàgbà, àti pé ọmọ lè kọ̀. Ọmọ tí a tọ́ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ọ̀la rẹ̀, nígbà wo ni yóò mọ ohun tí kíkọ̀ jẹ́? Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yìí gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ni ó ti wá. Konrad Lorenz ará Austria kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1935, nípa àwọn ọmọ ẹyẹ bí pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n máa ń tọ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí tí ó ń rìn lẹ́yìn tí wọ́n pa. Ọmọ ẹyẹ tí ó ń tọ bàtà ènìyàn lẹ́yìn kò fẹ́ràn bàtà.

Àwọn tí ń pa àlọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ìfàmọ́ra tí kò ṣeé kọ̀ yìí, wọ́n sì fún un ní ìtumọ̀ mìíràn. Ọmọbìnrin kan kọ gbogbo ọkùnrin ìlú, títí ó fi rí àrẹwà àjèjì kan lọ́jà tí kò lè ṣe kí ó má tẹ̀ lé. Lójú ọ̀nà, àrẹwà náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, apá fún alápá, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutùọlá mú irú rẹ̀ wọ inú The Palm-Wine Drinkard ní 1952. Lójú apàlọ́, pé o kò lè kọ̀ ọ́ ni àmì pé ó yẹ kí o sá. Lójú òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ abàmì, òun ni àmì pé ìwọ ti délé. Ó ṣòro láti sọ pé apàlọ́ kò gbọ́n jù.

Kò sì yẹ kí òǹkàwé Nàìjíríà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìkookò Amẹ́ríkà nìkan nìyí. Nínú ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ní ọgbà yunifásítì, kò ṣọ̀wọ́n kí arákùnrin kan tọ arábìnrin lọ pé, “Olúwa ti fi hàn mí pé ìwọ ni aya mi.” Arábìnrin tí ojú rẹ̀ là á dáhùn pé, “Ó dára, bùrọ̀dá. Nígbà tí ó bá fi han èmi náà, màá sọ fún yín.” Èyí tí ojú rẹ̀ kò là á máa rò pé Ọlọ́run ni òun ń kọ̀. Ní Kánò, Balaraba Ramat Yakubu kọ Wa Zai Auri Jahila? ní èdè Haúsá ní 1990, ìtàn ọmọbìnrin tí a fi ipá fún àgbàlagbà ọkùnrin, tí ó sá lọ, tí ó sì kàwé. Ilé bàbá ṣeé sá kúrò. Ta ni ó lè sá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀?

Àwọn òǹkọ̀wé kan ti rí ọ̀fìn yìí, wọ́n sì gbìyànjú láti dí i. Nínú A Court of Mist and Fury tí Sarah J. Maas kọ ní 2016, ìdè àyànmọ́ wà, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ní láti gbé oúnjẹ fún ọkùnrin kí ó tó di pé ó gbà á. Feyre bínú nígbà tí ó gbọ́ pé Rhysand ti mọ̀ nípa ìdè náà tí ó sì fi pamọ́. Ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú èrò ọkàn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí inú rẹ̀ rọ̀ ni ó tó gbé ọbẹ̀ fún un. Ọbẹ̀ lásán ni, kò sí idán nínú rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó níye lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó lè má gbé e. Maas tún sọ pé a yan àwọn òbí Rhysand mọ́ ara wọn, wọn kò sì bá ara wọn mu rárá. Nínú ìwé kan náà, ìdè so Lucien mọ́ Elain, ẹni tí ó ti ní àfẹ́sọ́nà mìíràn. Títí A Court of Silver Flames fi jáde ní 2021, Elain kò tíì gbà. Lucien ni àyànmọ́ yàn tí ènìyàn kò yàn. Ó ń mú ẹ̀bùn wá, ó ń dúró. Ìṣòro rẹ̀ kò jọ ti Leah, nítorí pé ohun tí ó ń retí wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Leah kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nínú Breaking Dawn, ó fi Sam àti àwọn tirẹ̀ sílẹ̀ ó sì tẹ̀ lé Jacob, kí etí rẹ̀ lè sinmi lọ́wọ́ èrò Sam. Ó jẹ́wọ́ fún Jacob pé nígbà mìíràn òun máa ń rò ó pé ì bá dára kí òǹtẹ̀ bà lé òun náà, kí ìrora yìí lè tán. Ohun tí ó gba Sam lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń wò gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó lè gba òun sílẹ̀. Ìwé náà parí, Meyer kò sì yan ẹnìkankan fún un.