Ẹ Wádìí Rẹ̀ Wò: Àríyànjiyàn Lórí Ìyípadà Ojú Ọjọ́

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ bá ti ṣẹlẹ̀ láàrin wa, ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń pín sí. Àwọn kan á ní irọ́ òyìnbó ni, pé Ọlọ́hun nìkan ni ó ń rọ òjò. Àwọn kan á sì gba gbogbo ohun tí wọ́n bá gbọ́ lórí rédíò, láìbéèrè ibi tí ó ti wá. Àwọn méjèèjì ni Súrátul Hujurat, áyà 6, ń bá wí. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé bí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe ènìyàn ní ibi. Ẹ kíyèsí i: kò ní kí á gbà á, kò sì ní kí á jù ú nù.

Iyèméjì kò burú bí ó bá rìn dé ibi ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Muller, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní Berkeley, kò gba ẹ̀rí àwọn tí ó ní ayé ń gbóná gbọ́ tán. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn oníyèméjì ń sọ ni pé ìlú ti gbòòrò dé ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń wọn ooru, àti pé bóyá ooru kọnkéré àti ọ̀dà títì ni wọ́n ń kà. Ìbéèrè gidi nìyí. Ẹni tí ó bá ti kúrò lábẹ́ igi lóko bọ́ sí àárín ọjà lọ́sàn-án gangan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2010, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ Berkeley Earth sílẹ̀. Àjọ Charles Koch, olówó epo rọ̀bì, tí ó ti náwó fún àwọn oníyèméjì, wà lára àwọn tí ó fún wọn lówó. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ibi tí ó lé ní 30,000 jọ, wọ́n ya àwọn tí ó jìnnà sí ìlú sọ́tọ̀, wọ́n sì tún un ṣírò. Ooru náà kò dín. Ní 2012, Muller kọ ọ́ síta pé ooru orí ilẹ̀ ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i láàrin 250 ọdún, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó fà á.

Gbajúmọ̀ oníyèméjì kan ní Amẹ́ríkà ti ṣèlérí ní 2011, kí àbájáde tó jáde, pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí ni òun yóò gbà, bí ó tilẹ̀ tako òun. Nígbà tí ó jáde, ó ní àwọn onímọ̀ mìíràn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni nígbà náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Ibi tí ó dúró sí tẹ́lẹ̀ náà ni ó wà. Irú èyí ni Súrátul Jaathiyah, áyà 23, ń kìlọ̀ fún wa: kí ìfẹ́-inú má di ọlọ́hun ẹni.

Àwọn onímọ̀ náà kì í sì í ṣe màláíkà. Ìwé tí àjọ IPCC tẹ̀ ní 2007 sọ pé yìnyín òkè Himalaya lè yọ́ tán nígbà tí ó bá fi di 2035. Kò ní ìpìlẹ̀, àjọ náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ àṣìṣe ní January 2010. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ hadisi yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: okùn ẹ̀gbàwá ni ó já. Bí Imaamu Bukhari bá rí ẹ̀gbàwá tí okùn rẹ̀ já, ó ń fi í sílẹ̀ ni. Kò tìtorí rẹ̀ sọ pé kò sí hadisi tí ó dúró mọ́.

Ní ti òjò, Ọlọ́hun ni ó ń rọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Súrátur Ruum, áyà 41, fi yé wa pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó fa ìbàjẹ́ orí ilẹ̀ àti inú omi. Ìkún-omi 2022 pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà. Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá wà níbẹ̀, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù wà níbẹ̀, ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi náà wà níbẹ̀. Ní ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti gbọ́ ọ, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí onítọ̀hún náà ti gbọ́ ọ.